Onílẹ̀, Àlejò àti Ajagungbalẹ̀: Èdè-Ìperí fún Ibùgbé Ẹ̀dá Ìgbẹ́ ní Ẹ̀yìnkùlé

1. Ìfáárà

Iṣẹ́ yìí dá lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí a lè fi kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kan tí ó ti gbilẹ̀ ní ilẹ̀ mìíràn, èyí tí í ṣe bí onílé ṣe lè fi ewéko ilẹ̀ rẹ̀ sọ ẹ̀yìnkùlé di ibi tí ẹyẹ, labalábá, oyin, ọ̀pọ̀lọ́ àti irú wọn yóò ti rí ibi gbé. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1973 ni ẹgbẹ́ National Wildlife Federation ti ń fún àwọn onílé tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìwé-ẹ̀rí. Ohun mẹ́rin ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ náà: oúnjẹ, omi, ààbò, àti ibi tí ẹ̀dá ti lè tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà.

Àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tí ó yí Ìbàdàn ká ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Nígbà tí ó jẹ́ pé oko nìkan ni ó yí àwọn abúlé wọ̀nyí ká, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti wá ibi gbé fún ẹyẹ. Oko tí àgbẹ̀ bá ti dá fún ọdún mélòó kan, yóò fi í sílẹ̀ kí ilẹ̀ lè sinmi, ilẹ̀ náà a sì tún di igbó. Lónìí, ilẹ̀ tí ó yẹ kí ó máa sinmi ni a ń gé ní púlọ́ọ̀tì tà. Láti Mọ́níyà dé Ìyànà-Ọ̀fà, láti Ẹgbẹ́dá dé Akanran, ilé ń gba ipò igbó. Bí igbó ti ń lọ ni àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ ń lọ, orúkọ wọn náà sì ń bá wọn lọ lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹ̀yìnkùlé nìkan ni ó kù.

Èrò wa ni pé èdè Yorùbá ti ní púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ̀kọ́ yìí nílò, pàápàá nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ilé gbígbé. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni kí olùkọ́ tàbí ògbufọ̀ mú ọ̀rọ̀ tí ó bá kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu lò. Bí a bá ṣi ọ̀rọ̀ yàn, akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣi igi gbìn.

2. Ibi tí iṣẹ́ dé dúró

A kò bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Láti ọdún 1970 ni ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹfà. Ní ọdún 1984 ni ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ jáde. Ní ọdún kan náà ni àkójọ orúkọ Yorùbá fún àwọn ewéko, tí Z. O. Gbile ṣe, jáde láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn.

A rí i báyìí pé orúkọ àwọn ewéko wà ní àkọsílẹ̀. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ àjọṣe tí ó wà láàárín ewéko àti ẹ̀dá tí ń gbé lára rẹ̀. Ìlànà tí a tẹ̀ lé kò le: bí ọ̀rọ̀ bá ti wà nínú èdè, a ó lò ó, bí kò bá sí, a ó ṣẹ̀dá rẹ̀ ní ọ̀nà tí èdè náà ń gbà ṣẹ̀dá irú rẹ̀, a ó sì bi ara wa léèrè nígbà gbogbo pé kí ni ẹni tí kò kàwé ní abúlé yóò gbọ́ bí a bá sọ ọ̀rọ̀ náà sí i létí.

3. Ọ̀rọ̀ méjì tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún

Ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní ni ẹran ìgbẹ́. Òun ni ó sábà máa ń wá síni lọ́kàn fún ẹ̀dá tí ènìyàn kò sìn. Ṣùgbọ́n ní etí ọmọ Yorùbá, ẹran ìgbẹ́ ti dé inú ìkòkò kí a tó parí gbólóhùn. Bí olùkọ́ bá ní kí àwọn ọmọ máa tọ́jú ẹran ìgbẹ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n bèèrè iye tí yóò mú wá lọ́jà. Ẹranko ìgbẹ́ sàn díẹ̀, àmọ́ kò kó gbogbo wọn mọ́ra, nítorí pé kò sí ẹni tí ń pe labalábá ní ẹranko. Ìdí nìyí tí a fi dábàá ẹ̀dá ìgbẹ́, èyí tí ó gba ẹyẹ, kòkòrò, ìgbín àti ọ̀kẹ́rẹ́ pọ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni igbó. Igbó ni a ń pe ẹgàn tí igi ńlá kún inú rẹ̀. Igbó náà ni a ń pe koríko tí onílé ọ̀lẹ kò ro. Láti ìgbà tí wolé-wolé ti ń wọ agboolé ni igbó àyíká ilé ti jẹ́ ẹ̀sùn tí a fi ń pe ènìyàn lẹ́jọ́. Bí a bá wá pe ohun tí a ń kọ́ni ní igbó ẹ̀yìnkùlé, a ti dá ara wa lẹ́bi kí adájọ́ tó jókòó. Ohun tí a ń sọ kì í ṣe ilẹ̀ tí a pa tì. Ọgbà tí a fi ọgbọ́n tò ni.

4. Ibùgbé àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀

Yorùbá ní ìdílé ọ̀rọ̀ kan tí a ń fi ibù- ṣẹ̀dá. Ibùsùn ni ibi tí a ń sùn. Ibùjókòó ni ibi tí a ń jókòó. Ibùjẹ ni ibi tí ẹran ti ń jẹun. Ibùwọ̀ ni ibi tí àlejò ń wọ̀ sí. Ibùba ni ibi tí ẹni tí ó fẹ́ fi ara pamọ́ ń ba sí. Ibùgbé ni ibi tí a ń gbé. Ìdílé ọ̀rọ̀ yìí wúlò fún wa gan-an, nítorí pé ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní habitat kì í ṣe ojú ilẹ̀ kan lásán. Àpapọ̀ ohun tí ẹ̀dá ń rí ṣe níbẹ̀ ni. Nítorí náà, a dábàá pé kí ibùgbé jẹ́ orúkọ fún odidi, kí ó sì ní ẹ̀ka mẹ́rin: ibùjẹ, ibùmu, ibùba àti ibùtọ́mọ. Ibùjẹ àti ibùba ti wà nínú èdè tẹ́lẹ̀. Ibùmu àti ibùtọ́mọ ni a ṣẹ̀dá ní ìlànà kan náà.

Ẹnìkan lè sọ pé ìtẹ́ ti tó, kí ni a tún ń wá ibùtọ́mọ sí? Ìtẹ́ kò tó, nítorí pé ẹyẹ ni a mọ̀ mọ́ ìtẹ́. Ọ̀pọ̀lọ́ ń yé sínú omi, labalábá ń yé sára ewé, ìgbín ń yé sínú ilẹ̀, oyin sì ń tọ́ ọmọ rẹ̀ nínú ihò igi. Ẹlòmíràn lè kọ ibùba nítorí pé ọlọ́ṣà àti ọdẹ ni a mọ̀ ọ́n mọ́. Ìyẹn gan-an ni ó mú un yẹ: alágẹmọ tí ń sá fún àwòdì àti alágẹmọ tí ń ṣọdẹ tata, ibùba kan náà ni ó ń lò.

Àǹfààní ìpínsísọ̀rí yìí ni pé ó ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè dán ẹ̀yìnkùlé wò. Ibi tí igi ìbẹ́pẹ kan ṣoṣo wà lórí ilẹ̀ gbígbá, tí ẹyẹ ń wá jẹ èso rẹ̀ tí ó sì ń fò lọ, ibùjẹ ni, kì í ṣe ibùgbé.

5. Onílẹ̀, àlejò, ajagungbalẹ̀

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Ògbufọ̀ tí a bá sọ fún pé kí ó túmọ̀ ewéko tí ilẹ̀ kan bí fúnra rẹ̀ yóò kọ ewéko ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń lò ó nínú oògùn ìbílẹ̀ àti aṣọ ìbílẹ̀, ń tọ́ka sí ohun tí ó ti mọ́ àwa ènìyàn lára. Kò sọ ibi tí nǹkan ti ṣẹ̀. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, tí kò sí abúlé Ìbàdàn tí a kì í tií jẹ wọ́n, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbẹ́pẹ, kajú àti kòkó. Éṣíà ni máńgòrò ti wá. Bọ̀tujẹ̀ tí a fi ń ṣe ọgbà yí ilé ká, láti Amẹ́ríkà ni. Ìyeyè pàápàá, tí orúkọ rẹ̀ kò ní àmì àjèjì kankan, Amẹ́ríkà ni àwọn onímọ̀ ewéko tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orírun rẹ̀. Nínú gbogbo wọn, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó gbé ìtàn rẹ̀ sínú orúkọ, bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá ní kí ó lọ gbin igi ìbílẹ̀ lè gbin máńgòrò, ìyeyè àti bọ̀tujẹ̀, kí ó sì gbà pé òun ti ṣe ohun tí olùkọ́ wí.

A kò ní láti lọ jìnnà kí a tó rí ọ̀rọ̀ tí ó dára jù. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní àyíká Ìbàdàn mọ irú ènìyàn mẹ́ta tí ń bẹ lórí rẹ̀: onílẹ̀; àlejò tí a fún láyè kí ó máa jẹun; àti ajagungbalẹ̀, tí kò tọrọ, tí kò rà, tí ó kàn ń gbà. A dábàá pé kí a gbé ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí orí ewéko, pẹ̀lú oríkì wọ̀nyí:

(i) Ewéko onílẹ̀ ni èyí tí ó ti wà ní àgbègbè kan fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn ni ó gbé e débẹ̀.

(ii) Ewéko àlejò ni èyí tí ènìyàn gbé wá láti ibòmíràn.

(iii) Ewéko ajagungbalẹ̀ ni àlejò tí ń tàn kọjá ibi tí a gbé e sí, tí ó sì ń fún onílẹ̀ pa.

Gbogbo ajagungbalẹ̀ ni àlejò, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àlejò ni ajagungbalẹ̀. Máńgòrò ẹ̀yìn ilé jẹ́ àlejò tí ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Kò sí ìdí tí a fi ní láti gé e. Àpẹẹrẹ ajagungbalẹ̀ ni Chromolaena odorata, tí àwọn kan ń pè ní ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀. Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀; a gbà pé irúgbìn igi mẹ̀línà ni ó bá wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1937. Àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ fi orúkọ àwọn olóṣèlú sàmì sí ìgbà tí ó gbòde, àwa ni a gbàgbé ohun tí àmì náà ń sọ. Pé ewé rẹ̀ ń dá ẹ̀jẹ̀ ojú ọgbẹ́ dúró kò sọ ọ́ di onílẹ̀, nítorí pé ìwúlò yàtọ̀ sí orírun. Irú rẹ̀ mìíràn ni Tithonia diversifolia, tí òdòdó rẹ̀ pupa rúsúrúsú, tí ó máa ń bo etí títì ní ìparí òjò. Agbègbè Mẹ́síkò ni òun ti wá.

Àǹfààní kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ onílẹ̀: kò sí ẹni tí ó jẹ́ onílẹ̀ níbi gbogbo. Bí a bá gbọ́ onílẹ̀, a ó bèèrè pé níbo? Igi òrí jẹ́ onílẹ̀ ní ọ̀dàn apá Ṣakí, ṣùgbọ́n kì í ṣe onílẹ̀ nínú igbó Ọ̀nà-Àrà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kan náà ni méjèèjì wà. Ìbílẹ̀ kò lè ṣe irú ìyàtọ̀ yìí fún wa.

6. Ìdí tí ìyàtọ̀ náà fi ṣe pàtàkì

Ọ̀pọ̀ kòkòrò tí ń jẹ ewé kì í jẹ gbogbo ewé. Ewé tí ìran wọn ti bá gbé pẹ́ ni ara wọn gbà. Ẹ̀rí èyí wà lára aṣọ àwọn baba wa. Òwú sányán àtijọ́ wá láti inú ilé tí kòkòrò Anaphe ń hun bo ara rẹ̀, kòkòrò yìí sì ń jẹ ewé igi ìrà, tí sáyẹ́ǹsì ń pè ní Bridelia, àti ti igi díẹ̀ mìíràn. Kò sí iye máńgòrò tí a lè gbìn tí yóò fún wa ní sányán.

Ọ̀dán àti ọpọ̀tọ́ tún jẹ́ àpẹẹrẹ. Inú ohun tí a ń pè ní èso wọn ni òdòdó wọn wà. Agbọ́n tín-ín-tín kan ni ó ń wọ inú rẹ̀ lọ láti gbé àtíkè òdòdó láti orí igi kan dé òmíràn, irú ọpọ̀tọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní agbọ́n tirẹ̀. Bí agbọ́n náà kò bá sí, irúgbìn kò sí. Àdán ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún igi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, oyin sì ń ṣe é fún ewúro. Ẹ̀dá tí ń ṣe iṣẹ́ náà ni a dábàá pé kí a máa pè ní agbátíkè.

Ẹyẹ ń bọ̀ lẹ́yìn kòkòrò. Ẹ̀ga tí àgbẹ̀ ń lé lórí ọkà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ajẹhóró, kòkòrò ni ó fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀ nínú ìtẹ́. Ẹ̀yìnkùlé tí kò bá sí kòkòrò lára ewé rẹ̀ lè lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n ibùtọ́mọ kò sí níbẹ̀.

Ó yẹ kí olùkọ́ sọ pé òfin yìí kò le bí irin. Labalábá ńlá kan, Papilio demodocus, ń yé sára igi orín àtà. Ó sì ń yé sára ọsàn tí ó jẹ́ àlejò láti Éṣíà, nítorí pé ẹbí kan náà ni igi méjèèjì. Àlejò tí ó bá onílẹ̀ tan máa ń rí ẹni gbà á.

7. Ṣíṣe ibùgbé ẹ̀yìnkùlé

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní ni kí a wo ohun tí ó ti wà nílẹ̀ kí a tó ro ó. Nínú ohun tí ó hù fúnra rẹ̀, a lè rí ọmọ ìrókò, akòko tàbí ìrà. Kí a pe àgbàlagbà kan kí ó dárúkọ wọn. Ajagungbalẹ̀ ni kí a fà tu, kí a sì ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó so èso tí afẹ́fẹ́ yóò gbé kiri.

Ìkejì, kí a to ewéko ní ìpele mẹ́ta nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Ní ìpele òkè, ọ̀pẹ yóò fún ẹ̀ga ní ibùtọ́mọ, yóò sì fún ọ̀kẹ́rẹ́ ní ibùjẹ. Àgbálùmọ̀ yóò fún ẹ̀dá àti onílé ní èso. Bí àyè bá gbòòrò, kí a gbin ọ̀dán jìnnà sí ògiri, nítorí gbòǹgbò rẹ̀; òròfó àti àdán yóò mọ̀ ọ́n. Ní ìpele àárín ni akòko, ìrà àti pèrègún wà. Gígé ni a ń gé akòko àti pèrègún rì mọ́lẹ̀, wọ́n sì lè gba ipò bọ̀tujẹ̀ nínú ṣíṣe ọgbà. Ní ìpele ìsàlẹ̀ ni ewúro àti ewébẹ̀ wà. Kí a fi ìdí ewúro kan sílẹ̀ láìjá ewé rẹ̀, nítorí pé èyí tí a ń já lójoojúmọ́ kì í ráyè tanná fún oyin.

Ìkẹta ni ibùmu. Àwo pẹrẹsẹ tí a kó òkúta sí ti tó, pàápàá nígbà ọyẹ́. Kí a máa da omi náà nù ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí a sì pọn òmíràn sí i, nítorí pé ẹyin ẹ̀fọn ń fẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó di ẹ̀fọn tí ń fò.

Ìkẹrin ni ìràwé. Kí a má ṣe sun ún. Kí a gbá a jọ sí ìdí igi. Òun ni ibùba ọ̀pọ̀lọ́ àti ìgbín, òun náà ni ó ń padà di ọ̀rá ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a jẹ́ kí ojúlé àti ẹ̀gbẹ́ ògiri wà ní gbígbá gbayawu, kí ìràwé àti òkìtì igi jìnnà sí ilẹ̀kùn, kí a lè máa rí ejò bí ó bá ń kọjá. Ìmọ́tótó tí a bá lọ́wọ́ àwọn ìyá wa kò lòdì sí ẹ̀kọ́ yìí.

Ìkarùn-ún, kí a má ṣe fín oògùn apakòkòrò níbẹ̀. Oògùn tí ó pa kòkòrò ti gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ẹyẹ.

Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì pé ilẹ̀ lè padà bọ̀ sípò, kí ó wo ìhà Ìdí-Osè ní Akínyẹlé. Níbẹ̀ ni a dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, IITA, sílẹ̀ ní ọdún 1967, lórí ilẹ̀ tí ó tó 1,000 hẹ́kítà. Oko àti abúlé wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nǹkan bí 350 hẹ́kítà nínú rẹ̀ ni a dá sí, ilẹ̀ náà sì ti di igbó ńlá tí a ń lọ wo ẹyẹ nínú rẹ̀.

8. Ìlò nínú kíláàsì àti àkójọ ọ̀rọ̀

A lè ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fa ìlà mẹ́rin sínú ìwé, kí wọ́n kọ ibùjẹ, ibùmu, ibùba àti ibùtọ́mọ sí òkè wọn, kí wọ́n sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣọ́ igi kan. Ohun tí wọ́n bá rí ni kí wọ́n kọ, kì í ṣe ohun tí a ti kà fún wọn. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n bèèrè orúkọ igi náà lọ́wọ́ àgbàlagbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ bí wọ́n ti gbọ́ ọ, nítorí pé orúkọ ewéko máa ń yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá nìyí:

Agbátíkè: ẹ̀dá tí ń gbé àtíkè òdòdó láti òdòdó kan dé òmíràn.
Ẹ̀dá ìgbẹ́: ẹ̀dá tí ń rìn, tí ń fò tàbí tí ń fà, tí ènìyàn kò sìn.
Ewéko onílẹ̀, ewéko àlejò, ewéko ajagungbalẹ̀: gẹ́gẹ́ bí oríkì wọn ní ìsọ̀rí 5.
Ibùgbé: ibi tí ẹ̀dá ti rí ibùjẹ, ibùmu, ibùba àti ibùtọ́mọ pọ̀.
Ibùgbé ẹ̀yìnkùlé: ibùgbé tí onílé fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò.
Ìràwé: ewé gbígbẹ tí ó wọ́ sílẹ̀.

9. Ìkádìí

Ẹyẹ kan wà tí orúkọ Ìbàdàn wà nínú orúkọ rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì: Malimbus ibadanensis. J. H. Elgood, tí ó jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, ni ó sọ ọ́ lórúkọ ní ọdún 1958. Ẹbí ẹ̀ga ni, dúdú àti pupa ni àwọ̀ rẹ̀, kò sì sí níbòmíràn ní ayé àfi ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ẹyẹ igbó ni, ó sì wà nínú ewu bí igbó ti ń dínkù. Ẹ̀yìnkùlé kan kò lè gbà á là. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìnkùlé bá pọ̀ tí ó so kọ́ra láti Akínyẹlé dé Ọ̀nà-Àrà, àwọn ẹ̀dá tí ń kọjá láti igbó kan sí òmíràn yóò rí ibùwọ̀.

Orúkọ ẹyẹ yìí ní Látìnì wà ní àkọsílẹ̀ káàkiri ayé. Iṣẹ́ tí ó kù fún àwa olùkọ́ àti ògbufọ̀ ni kí ọmọ tí ń gbé ní Lálúpọ̀n tàbí ní Ajíà lè fi èdè abínibí rẹ̀ sọ ohun tí ẹyẹ náà ń jẹ, ibi tí ó ń ba sí, àti igi tí ó lè gbìn kí irú rẹ̀ má baà tán.